Oògùn Orí Pípá: Ohun Tí Ó Lè Ṣe àti Ohun Tí Kò Lè Ṣe

Nínú àwọn lẹ́tà tí ó ń wọlé fún ojú ewé yìí, àwọn kan wà tí àwọn tí ó kọ wọ́n kì í fi orúkọ sí. Ọ̀pọ̀ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ń wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ọkùnrin, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sì máa ń sọ: "Orí mi ń pá, bẹ́ẹ̀ ni n kò tí ì pé ogójì ọdún. Ǹjẹ́ oògùn wà tí mo lè lò?" Àwọn ìyàwó pẹ̀lú ń kọ̀wé. Wọ́n ní ọkọ àwọn ń gbé oògùn oníhóró kan mì ní ìkọ̀kọ̀, àwọn kò sì mọ àìsàn tí ó ń ṣe é.

Ìdáhùn wa ni pé oògùn wà. Ṣùgbọ́n àwọn kan rò pé oògùn náà lè sọ orí tí ó ti ń dán di orí ọmọ ogún ọdún. Àwọn mìíràn sì rò pé ẹ̀tàn ni láti òkè dé ilẹ̀. Èrò méjèèjì kò tọ̀nà. Oògùn méjì ni a ti dán wò dáadáa fún orí pípá àwọn ọkùnrin. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe nínú ara, ó ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ, ó sì ní ohun tí ó lè gbà lọ́wọ́ ẹni tí ń lò ó. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú lọ láti inú ọ̀rọ̀ yìí kò ju ẹyọ kan lọ: oògùn wọ̀nyí kì í wo orí pípá sàn, wọ́n ń dá a dúró ni níwọ̀n ìgbà tí a bá ṣì ń lò wọ́n, nítorí náà kò yẹ kí ọkùnrin máa lò wọ́n láìjẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ àti dókítà rẹ̀ mọ̀.

ORÍ PÍPÁ KÌ Í ṢE ÀRÙN

Kí a tó dé orí oògùn, ó yẹ kí a fi ọkàn àwọn ènìyàn balẹ̀. Nínú Ìwé Léfítíkù, orí 13, níbi tí òfin ti ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀tẹ̀ àti àrùn awọ ara, ẹsẹ 40 àti 41 yà á sọ́tọ̀ pé ọkùnrin tí irun rẹ̀ bá ti re, ìbáà jẹ́ láti àárín orí tàbí láti iwájú, mímọ́ ni. Orí pípá nìkan kì í sọ ènìyàn di aláìmọ́. Àwọn ọ̀dọ́ Bẹ́tẹ́lì tí wọ́n pe wòlíì Èlíṣà ní apárí, ẹnu wọn ni ẹ̀ṣẹ̀ wà, kò sí ní orí wòlíì.

Àwọn baba wa náà mọ̀ pé apárí fojú di abẹ. Kí ni abẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀? Bí orí àgbàlagbà bá pá láàárín àwa Yorùbá, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kà á sí àmì àgbà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí ọmọkùnrin ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí ó ń wá ìyàwó, tí ó ń wá iṣẹ́, tí irun iwájú rẹ̀ sì ń fà sẹ́yìn lójoojúmọ́. Ìbànújẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Bí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá oògùn wà, ìbéèrè tí ó yẹ kí a dáhùn ni.

Kì í ṣe gbogbo irun tí ó ń re ni a ń sọ níhìn-ín o. Làpálàpá orí ọmọdé ní oògùn tirẹ̀. Irun tí ó ń já ní ẹ̀bá iwájú orí obìnrin nítorí pé wọ́n ń di í le jù, ìtura ni ó ń fẹ́. Irun tí ó ṣàdédé re ní róbótó-róbótó, tàbí èyí tí ó ń re pẹ̀lú èéwo tàbí egbò lórí, dókítà ni ó yẹ kó kọ́kọ́ wò ó. Èyí tí a ń sọ ni ti àwọn ọkùnrin, tí ó máa ń bẹ̀rẹ̀ ní igun méjèèjì iwájú orí tàbí ní àárín orí, tí ó ń lọ ní díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí ó sì ń fi irun ẹ̀gbẹ́ àti ti ìpàkọ́ sílẹ̀.

BÍ IRUN ṢE Ń HÙ ÀTI ÌDÍ TÍ Ó FI Ń PÁ

Irun tí ó wà lórí ènìyàn kan tó nǹkan bí 100,000. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń hù láti inú ihò kékeré kan nínú awọ, níbi tí gbòǹgbò rẹ̀ wà. Irun kì í hù láìsinmi. Bí àgbẹ̀ ṣe ń dá oko tí ó sì ń fi ilẹ̀ sílẹ̀ kí ó sinmi, bẹ́ẹ̀ ni gbòǹgbò irun ń ṣe. Yóò ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí ọdún méjì sí mẹ́fà, irun yóò máa gùn tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà kan lóṣù. Lẹ́yìn náà yóò sinmi fún bí oṣù mẹ́ta. Irun àtijọ́ yóò bọ́, tuntun yóò sì yọ láti inú ihò kan náà. Nítorí náà, bí irun 50 sí 100 bá bọ́ lórí ènìyàn lójúmọ́, kì í ṣe ohun ìbẹ̀rù.

Kí ni ó wá ń bà á jẹ́? Nínú ara gbogbo ọkùnrin ni họ́mọ́ọ̀nù kan wà tí à ń pè ní testosterone. Òun ni ó ń sọ ọmọdékùnrin di géńdé. Ẹ́ńsáìmù kan wà nínú ara tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ 5-alpha reductase. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú testosterone, kí ó sì yí i padà sí họ́mọ́ọ̀nù mìíràn tí ó lágbára jù ú lọ, èyí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ dihydrotestosterone, tí wọ́n gé kúrú sí DHT. DHT yìí ní iṣẹ́ rere tí ó ń ṣe. Nígbà tí ọmọkùnrin ṣì wà nínú oyún, òun ni ó ń parí iṣẹ́ lórí ojú ara rẹ̀. Nígbà tí ó bá bàlágà, ó wà lára ohun tí ń hu irùngbọ̀n rẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin kan wà tí a bí pẹ̀lú gbòǹgbò irun iwájú àti ti àárín orí tí kò lè gba DHT mọ́ra. Bí DHT bá ti ń bá gbòǹgbò bẹ́ẹ̀ wí, àsìkò iṣẹ́ rẹ̀ yóò máa kúrú sí i. Irun tí ó ń ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́rin tẹ́lẹ̀ yóò di èyí tí ń ṣiṣẹ́ fún oṣù díẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí ó bá tún yọ, yóò tín-ín-rín ju ti ìṣáájú lọ, yóò sì kúrú jù ú lọ, títí tí yóò fi dà bí irun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó wà lára ọmọ ìkókó. Ẹ kíyè sí i pé ihò irun kì í kú lọ́gán, ó ń sún kì ni. Èyí ni ó fi jẹ́ pé oògùn ń ran ẹni tí ó tètè bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ ju ẹni tí orí rẹ̀ ti ń dán fún ogún ọdún lọ.

Ohun ìyanu ni pé DHT kan náà tí ń lé irun lọ ní iwájú orí ni ó ń mú irùngbọ̀n kún. Gbòǹgbò irun ìpàkọ́ àti ti ẹ̀gbẹ́ orí kò sì kà á sí. Ìdí nìyí tí àwọn dókítà fi lè ṣí irun láti ìpàkọ́ lọ gbìn sí iwájú, tí yóò sì máa hù níbẹ̀.

Ní ọdún 1942, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ James Hamilton tẹ ìwádìí kan jáde tí ó là wá lójú. Ó ṣàkíyèsí àwọn ọkùnrin tí a ti tẹ̀ lọ́dàá kí wọ́n tó bàlágà, irú àwọn tí a ń pè ní ìwẹ̀fà láyé àtijọ́. Orí wọn kì í pá. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fún irú àwọn bẹ́ẹ̀ ní testosterone, orí bẹ̀rẹ̀ sí í pá fún àwọn tí orí pípá wà ní ìdílé wọn. Nítorí náà ohun méjì ni ó ń pàdé: họ́mọ́ọ̀nù ọkùnrin, àti ohun tí a jogún. Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé láti ọ̀dọ̀ ìyá nìkan ni a ti ń jogún rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdílé ìyá àti ti baba ni ó lọ́wọ́ sí i. Fìlà dídé kọ́ ni ó fà á, ẹrù rírù kọ́ ni, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àmì pé ènìyàn ń ronú jù.

OÒGÙN ÀKỌ́KỌ́: ÈYÍ TÍ A Ń FI PA ORÍ

Orúkọ rẹ̀ ni minoxidil. Kì í ṣe nítorí irun ni wọ́n ṣe ṣe é. Ilé-iṣẹ́ Upjohn, tí ó wà ní ìlú Kalamazoo ní ìpínlẹ̀ Michigan lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ṣe é fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó ń mú kí òpó ẹ̀jẹ̀ fẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ lè rìn geerege. Nígbà tí Dókítà Charles Chidsey ń dán an wò lára àwọn aláìsàn ní Yunifásítì Colorado ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, irun bẹ̀rẹ̀ sí í hù sí wọn lára níbi tí kò sí tẹ́lẹ̀. Ó pe Dókítà Guinter Kahn, onímọ̀ nípa àìsàn awọ ara, kí ó wá wò ó. Kahn ronú pé bí a bá sọ oògùn náà di olómi tí a sì fi pa awọ, ó lè hu irun síbi tí a bá fi í pa. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí.

Ní ọdún 1979, àjọ FDA tí ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oníhóró rẹ̀ fún ẹ̀jẹ̀ ríru tí ó le. Ní ọdún 1988, wọ́n fọwọ́ sí olómi rẹ̀ fún orí pípá ọkùnrin, orúkọ tí wọ́n fi ń tà á ni Rogaine. Láti ọdún 1996 ni àwọn ará Amẹ́ríkà ti lè rà á láìgba ìwé lọ́wọ́ dókítà.

Báwo ni ó ṣe ń ṣiṣẹ́? Bí a bá kán an sí awọ orí, yóò wọ inú ihò irun lọ. Ẹ́ńsáìmù kan tí ó wà níbẹ̀ ni yóò yí i padà sí minoxidil sulfate, èyí tí ó ń ṣiṣẹ́ gan-an. Ó dà bí ẹni tí ó gbé iṣu tútù wá sílé: bí kò bá sí ẹni tí yóò sè é, ebi kò lè kúrò nílẹ̀. Ẹ́ńsáìmù yìí kò pọ̀ lórí àwọn kan. Ìdí nìyí tí oògùn kan náà fi lè ṣiṣẹ́ fún Lágbájá, kí ó má sì ṣiṣẹ́ fún Làkáṣègbè. Bí ó bá ti di èyí tí ó ń ṣiṣẹ́, ó ń ṣí àwọn ẹnu-ọ̀nà tíntìntín tí èròjà potassium ń gbà kọjá lára òpó ẹ̀jẹ̀, òpó náà yóò sì fẹ̀. Ó ń gé àsìkò ìsinmi gbòǹgbò irun kúrú, ó ń fa àsìkò iṣẹ́ rẹ̀ gùn, irun sì ń nípọn sí i. Kò fọwọ́ kan DHT rárá. Ọ̀tá ṣì wà nílé. Oúnjẹ àti agbára ni ó ń fún gbòǹgbò kí ó lè dúró tì í.

Nítorí èyí, ẹ má ṣe bẹ̀rù bí irun bá tún bọ́ sí i ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́. Irun tí ó ń sinmi ni oògùn ń tì jáde kí tuntun lè yọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti sọ ìgò nù ní àkókò yìí, nígbà tí oògùn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó ń tó bí oṣù mẹ́rin kí a tó rí àyípadà. Ìwọ̀n tí wọ́n ń lò nínú olómi ni mílílítà kan, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, lórí awọ tí ó gbẹ. Bí a bá lò ó ní ìlọ́po méjì, kò ní mú irun yára, ara ni yóò kàn gba oògùn ju bí ó ti yẹ lọ.

Ìnira tí ó sábà ń mú wá ni kí orí máa yún tàbí kí ó máa họ. Bí ó bá ṣàn sí ojú, irun lè hù síbẹ̀. Bí ó bá wọ inú ẹ̀jẹ̀ jù, àyà lè máa lù kìkì, òòyì lè máa kọ́ ènìyàn, ẹsẹ̀ sì lè wú. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní àìsàn ọkàn tàbí tí ó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀. Àwọn dókítà kan ti ń fún àwọn aláìsàn ní oníhóró rẹ̀ ní ìwọ̀n kékeré fún irun lóde òní. Ìyẹn kì í ṣe ohun tí ènìyàn lè dá ṣe fún ara rẹ̀, nítorí hóró náà lè mú kí omi pọ̀ sínú ara, àní yí ọkàn ká. Ẹ sì gbé ìgò náà jìnnà sí ọmọdé; bí ọmọdé bá mu ún, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè lọ sílẹ̀ ní ọ̀nà tí ó léwu.

OÒGÙN KEJÌ: ÈYÍ TÍ A Ń GBÉ MÌ

Èkejì ni finasteride, ọ̀nà mìíràn ni ó sì gbà wọlé. Ní ọdún 1974, Dókítà Julianne Imperato-McGinley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìròyìn kan jáde nípa àwọn ọmọ kan ní abúlé Salinas, lórílẹ̀-èdè Dominican Republic. Nígbà tí wọ́n bí àwọn ọmọ wọ̀nyí, wọ́n rò pé obìnrin ni wọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bàlágà, ohùn wọn ki, iṣan wọn le, ojú ara ọkùnrin sì yọ sí wọn. A wá rí i pé ẹ́ńsáìmù 5-alpha reductase ni kò pé lára wọn, tí DHT wọn fi kéré. Ohun méjì mìíràn hàn lára wọn nígbà tí wọ́n dàgbà: iwájú orí wọn kì í pá, àti pé prostate wọn, ẹ̀yà ara tí ó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀ ọkùnrin, kéré, kì í sì í wú.

Àwọn onímọ̀ ilé-iṣẹ́ Merck ní Amẹ́ríkà rí ẹ̀kọ́ nínú èyí. Bí a bá lè dí ẹ́ńsáìmù náà lọ́wọ́ nínú àgbàlagbà tí ara rẹ̀ ti parí, a lè mú kí prostate tí ó ti wú sún kì. Finasteride ni wọ́n fi ṣe é. Ní ọdún 1992, FDA fọwọ́ sí hóró miligíráàmù 5 fún prostate tí ó wú, orúkọ rẹ̀ ni Proscar. Ní ọdún 1997, wọ́n fọwọ́ sí hóró miligíráàmù 1 fún orí pípá, orúkọ rẹ̀ ni Propecia. Oògùn kan náà ni wọ́n. Ìwọ̀n ni ó yàtọ̀.

Bí minoxidil bá ń bọ́ gbòǹgbò, finasteride ní tirẹ̀ ń lọ dí ọ̀nà mọ́ ọ̀tá láti orísun. Ó di ẹ́ńsáìmù náà mú kí ó má lè yí testosterone padà sí DHT. DHT tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ń dín kù tó nǹkan bí ìpín 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Testosterone fúnra rẹ̀ kì í dín kù. Nígbà tí DHT bá ti fọwọ́ kúrò lọ́rùn gbòǹgbò irun, èyí tí kò tí ì sún kì jù yóò tún gbérí.

Nínú ìdánwò tí wọ́n ṣe lára àwọn ọkùnrin tí orí wọn ń pá, a ka irun wọn lẹ́yìn ọdún méjì. Nínú ọgọ́rùn-ún ọkùnrin tí ó lo oògùn náà, irun 83 kò dín kù. Nínú ọgọ́rùn-ún tí ó gbé hóró tí kò ní oògùn nínú mì, 28 péré ni ti wọn kò dín. Ẹ ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀ náà: kò dín kù. Àǹfààní ńlá rẹ̀ ni pé ó ń dá irun tí ó kù dúró. Àwọn kan rí irun tuntun, pàápàá ní àárín orí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń retí irun ìgbà èwe rẹ̀ yóò retí títí.

Òmíràn tún wà tí ń jẹ́ dutasteride, tí ó lágbára ju finasteride lọ, tí ó sì ń pẹ́ gan-an nínú ara. Ilẹ̀ Korea ti Gúúsù fọwọ́ sí i fún orí pípá ní ọdún 2009, Japan ní 2015. Ní Amẹ́ríkà, prostate nìkan ni FDA fọwọ́ sí i fún.

NÍGBÀ TÍ A BÁ DÁWỌ́ DÚRÓ

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ti ronú kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Oògùn yìí dà bí owó ilé tí a ń san. Ọjọ́ tí a bá ṣíwọ́ sísan án, onílé yóò gba ilé rẹ̀. Bí a bá jáwọ́ nínú minoxidil, irun tí ó tipasẹ̀ rẹ̀ wá yóò tún re láàárín oṣù díẹ̀. Bí a bá jáwọ́ nínú finasteride, DHT yóò padà sípò rẹ̀, láàárín ọdún kan ohun tí a jèrè yóò ti lọ. Ìdí ni pé kò sí èyí tí ó yí ohun tí a jogún padà nínú méjèèjì. Ẹni tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ béèrè lọ́wọ́ ara rẹ̀ pé, "Ṣé mo lè máa ra èyí ní oṣooṣù fún ọdún mẹ́wàá láìfi owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ṣe é?"

OHUN TÍ ÌYÀWÓ GBỌ́DỌ̀ MỌ̀

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ fara balẹ̀ ka ìpín yìí. Ohun tí ẹ ń gbé mì níkọ̀kọ̀ kò mọ lọ́rùn yín nìkan.

Èkíní, ọ̀rọ̀ oyún. A ti sọ pé DHT ni ó ń parí iṣẹ́ lórí ojú ara ọmọkùnrin nínú oyún. Aláboyún tàbí ẹni tí ó lè ti lóyún kò gbọdọ̀ gbé finasteride mì, kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan hóró rẹ̀ tí ó fọ́ tàbí tí a lọ̀, nítorí ó lè ṣe ìpalára fún ọmọkùnrin tí ó wà nínú rẹ̀. Àwọn kan ń ra hóró miligíráàmù 5, wọ́n ń fi ọ̀bẹ gé e sí wẹ́wẹ́ kí owó lè dín. Lórí tábìlì wo ni ẹ ti ń gé e? Ta ni ó ń nu tábìlì náà? Ìyàwó tí kò mọ ohun tí ó wà nínú ike kò lè dáàbò bo ara rẹ̀ tàbí ọmọ inú rẹ̀.

Èkejì, ọ̀rọ̀ yàrá. Nínú ìdánwò tí ilé-iṣẹ́ náà ṣe, ọkùnrin 36 nínú 945 tí ó lo oògùn náà ní ìṣòro nípa ìbálòpọ̀: ìfẹ́ rẹ̀ dín kù, tàbí agbára ọkùnrin kò dúró dáadáa, tàbí àtọ̀ kéré. Nínú 934 tí ó gbé hóró tí kò ní oògùn mì, 20 ni ó sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ rí i pé kò pọ̀, ọ̀pọ̀ jù lọ kì í rí nǹkan kan. Lára ẹni tí ó bá ṣẹlẹ̀ sí, ó sábà ń lọ bí ó bá jáwọ́, ṣùgbọ́n àwọn kan ti jẹ́rìí pé kò tètè lọ, FDA sì mú kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ yìí sára oògùn náà ní ọdún 2012. Nísinsìnyí, ẹ ro ti ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ kò sún mọ́ ọn mọ́ láti oṣù mẹ́ta, tí kò sì mọ̀ pé oògùn wà nínú ọ̀rọ̀. Kí ni yóò máa rò? Yóò rò pé obìnrin kan wà níta. Ìjà yóò dé lórí ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò dá.

Ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ ọmọ. Lára àwọn ọkùnrin kan tí irúgbìn wọn kò pọ̀ tẹ́lẹ̀, finasteride lè dín in kù sí i, a sì ti rí i tí ó tún gbérí lẹ́yìn tí wọ́n jáwọ́. Ní ilẹ̀ wa, bí ọmọ kò bá tètè dé, obìnrin ni gbogbo ẹbí ń tọ́ka sí. Ìyàwó ni a ó mú kiri láti ilé ìwòsàn kan dé èkejì, tí ọkọ yóò sì wà nílé tí yóò máa gbé hóró tirẹ̀ mì láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Èyí kò dára rárá. Bí tọkọtaya bá ń wá ọmọ, kí dókítà tí ń tọ́jú wọn mọ gbogbo oògùn tí ọkọ ń lò.

Ẹ̀kẹrin, ọ̀rọ̀ ọkàn. Ní ọdún 2025, àjọ tí ń ṣàkóso oògùn ní ilẹ̀ Yúróòpù fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé èrò láti pa ara ẹni jẹ́ ọ̀kan lára ohun tí finasteride lè fà. Bí ẹni tí ń lò ó bá ń ní ìrẹ̀wẹ̀sì, tí ayé sú u, kí ó dá oògùn náà dúró, kí ó sì tọ dókítà lọ ní kíákíá. Ìyàwó ni ó máa ń kọ́kọ́ rí irú àyípadà bẹ́ẹ̀ lójú ọkọ. Báwo ni yóò ṣe mọ ohun tí ó fà á bí a bá fi pamọ́ fún un?

OHUN TÍ DÓKÍTÀ GBỌ́DỌ̀ MỌ̀

Ẹ̀yin bàbá tí ẹ ti lé ní ogójì ọdún, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gidigidi. Jẹjẹrẹ prostate wọ́pọ̀ láàárín àwa ènìyàn dúdú ju bí ó ti wà láàárín àwọn aláwọ̀ funfun lọ. Ìdánwò ẹ̀jẹ̀ kan wà tí à ń pè ní PSA, tí dókítà fi ń wá àmì rẹ̀. Bí iye tí ó jáde bá ga, dókítà yóò wádìí sí i. Ṣùgbọ́n finasteride ń dín iye PSA kù sí nǹkan bí ìdajì. Bí ọkùnrin tí ń lo oògùn irun bá lọ ṣe ìdánwò yìí tí kò sọ, ìwé lè jáde pẹ̀lú 3, kí gbogbo ènìyàn máa dúpẹ́, nígbà tí ó jẹ́ pé 6 ni ó yẹ kí ó jẹ́. Dókítà tí ó bá mọ̀ yóò sọ iye náà di ìlọ́po méjì, yóò sì máa ṣọ́ ọ bí ó bá ń gòkè. Dókítà tí kò mọ̀ yóò ní kí ẹ máa lọ ilé, kí ẹ lọ sùn. Irun ni a ń tọ́jú, ẹ má jẹ́ kí ó pa ẹ̀mí mọ́ wa lójú.

Bákan náà, ẹni tí ń lo finasteride kò gbọdọ̀ fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tọrẹ títí yóò fi pé oṣù kan tí ó ti gbé e mì kẹ́yìn. Ti dutasteride jẹ́ oṣù mẹ́fà. A kò mọ̀ bóyá aláboyún ni wọn yóò fa ẹ̀jẹ̀ náà sí lára.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tí ń ta òróró nínú ọkọ̀ àti ní ẹnu ọ̀nà ọjà, tí wọ́n ní ọ̀sẹ̀ méjì ni irun yóò fi kún. Ẹ ti rí i pé oògùn tí ó dájú pàápàá ń fẹ́ oṣù mẹ́rin àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé ìtajà oògùn tí ó ní onímọ̀ ìpoògùn ni kí ẹ ti rà á, kí ẹ sì wo nọ́ńbà NAFDAC lára rẹ̀. Ní ọdún 2025 kan náà, FDA kìlọ̀ nípa finasteride tí àwọn kan ń pò mọ́ ìpara tàbí omi tí wọ́n fi ń pa orí. Wọn kò fọwọ́ sí irú rẹ̀ kankan, ó sì lè ran ẹlòmíràn nínú ilé láti ara ẹni tí ó pa á.

ÌMỌ̀RÀN WA

Ẹ̀yin arákùnrin, bí orí yín bá ń pá tí kò sì dùn yín, ẹ kò nílò oògùn kankan. Ẹ gbé orí fún onígbàjámọ̀ kí ó fá a mọ́lẹ̀, kí ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Bí ó bá sì dùn yín tí ẹ fẹ́ lo oògùn, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ kí gbòǹgbò tó sún kì tán. Ẹ rí dókítà. Ẹ ṣírò owó rẹ̀. Kí ẹ sì jókòó ti ìyàwó yín ní alẹ́ ọjọ́ kan, kí ẹ fi ike oògùn náà hàn án, kí ẹ sì sọ ohun tí a ti kà níhìn-ín fún un.

Ẹ̀yin ìyàwó, bí ọkọ yín bá sọ fún yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi rẹ́rìn-ín, ẹ má sì sọ ọ́ fún àwọn ọ̀rẹ́ yín. Ó ti pẹ́ kí ó tó lè yanu. Bí ẹ bá gbọ́ ọ pẹ̀lú sùúrù, yóò lè sọ èyí tí ó tún ṣòro ju irun lọ fún yín lọ́jọ́ iwájú.

Kí àlàáfíà wà nínú ilé yín.